Bí A Ṣe Ń Bẹ̀rẹ̀ Iṣẹ́ Ìtọ́jú Igi Pẹ̀lú Ayùn Ọwọ́ Kan àti Okùn Méjì

Lóṣù kẹta, kí òjò tó fìdí múlẹ̀, ìjì tó ń ṣáájú òjò àkọ́rọ̀ máa ń kọ́kọ́ dán àwọn igi Ìbàdàn wò. Tílẹ̀ bá mọ́ lọ́jọ́ kejì, ẹ óò rí ẹ̀ka máńgòrò lórí páànù, fúrúùtù tó ya lu fẹ́ǹsì, dóńgóyárò tó fa wáyà NEPA lulẹ̀. Onílé á bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹni tó máa bá òun gbé e kúrò. Ẹni tó sábà máa ń rí ni agégi tó ní ẹ̀rọ, tó mọ bí wọ́n ṣe ń gbé igi lulẹ̀, ṣùgbọ́n tí kò sẹ́ni tó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú igi kó má baà wó. Àlàfo yẹn ni iṣẹ́ tí mo fẹ́ ṣàlàyé wà: iṣẹ́ ẹni tó ń tọ́jú igi nígbà tó ṣì dúró.

Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, n kò ní ẹ̀rọ, n kò sì ní mọ́tò. Ayùn ọwọ́ kan, àdá kan àti okùn ni mo ní. Ohun tó gbé mi dúró ni pé mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń wo igi, mo sì kọ́ ibi tó yẹ kí ayùn bà. Ẹni tó bá mọ ìyẹn, ayùn ọwọ́ lásán á bọ́ ọ. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, ẹ̀rọ olówó ńlá á kàn jẹ́ kó tètè ba igi onígi jẹ́ ni.

1. Ẹ kọ́ igi kí ẹ tó kọ́ gígé

Ẹ mú ìwé kékeré kan, kí ẹ fi ọ̀sẹ̀ méjì rìn yí àdúgbò yín ká. Ẹ kọ orúkọ gbogbo igi tó wà nínú ọgbà àwọn èèyàn sílẹ̀. Kò ní pẹ́ tí ẹ óò fi rí i pé àwọn igi kan náà ló ń tún ara wọn sọ láti ojúlé dé ojúlé: máńgòrò, fúrúùtù, dóńgóyárò, ọsàn, píà, àgbálùmọ̀, kajú, àgbọn, ọ̀pẹ, pánṣẹ́kẹ́ olódòdó pupa, tíìkì, mẹ̀láínà, àti igi tẹ́ẹ́rẹ́ gíga tí ewé rẹ̀ ń wọ́ sílẹ̀ bí aṣọ eégún, èyí tí gbogbo èèyàn ń pè ní masquerade. Bí ẹ bá mọ àwọn wọ̀nyí dunjú, ẹ ti mọ èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ tí wọ́n máa pè yín sí.

Kí ni ẹ máa mọ̀ nípa wọn? Ìgbà tí wọ́n ń so, bí ẹ̀ka wọn ṣe ń ya, àti ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ sí wọn tí wọ́n bá fi ayùn kàn wọ́n. Máńgòrò tiwa níhìn-ín sábà máa ń yọ òdòdó nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, láti nǹkan bí oṣù kejìlá, èso rẹ̀ á sì máa gbó láti oṣù kẹta lọ. Ẹni tó bá rẹ́ ẹ lóṣù kọkànlá ti rẹ́ èso ọdún tó ń bọ̀ dànù. Ẹ̀yìn ìkórè, bí oṣù kẹfà sí ìkeje, ni kí ẹ fọwọ́ kàn án. Igi píà rọ̀. Ẹ̀ka rẹ̀ lè ya mọ́ èèyàn lẹ́sẹ̀ láìrò tẹ́lẹ̀, nítorí náà ẹ má gùn ún. Fúrúùtù máa ń na ẹ̀ka rẹ̀ ní ìpele-ìpele, gbòǹgbò rẹ̀ a sì máa gbé ìńtálọ́ọ̀kì onílé sókè. Dóńgóyárò kì í kú bọ̀rọ̀: bí ẹ ṣe ń gé e ló ń hù.

Àgbọn àti ọ̀pẹ yàtọ̀ sí gbogbo ìyókù. Ojú ibì kan ṣoṣo ni wọ́n ti ń dàgbà, ìyẹn ọ̀gọ́mọ̀ tó wà láàárín orí wọn. Bí irin bá kan ibẹ̀, igi náà ti kú nìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé imọ̀ rẹ̀ á ṣì tutù fúngbà díẹ̀. Imọ̀ tó ti gbẹ tàbí tó ti rọ̀ wálẹ̀ nìkan ni kí ẹ gé. Èyí tó ń wo òkè, ẹ fi í sílẹ̀, kódà bí onílé bá ní òun fẹ́ kó mọ́ rekete.

Ẹni tó bá ń gbé ní Ìbàdàn ní àǹfààní tí kò sí níbi púpọ̀. Ilé iṣẹ́ ìwádìí igbó ti ìjọba àpapọ̀, FRIN, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1954, wà ní Jẹ́ríkò, ilé ẹ̀kọ́ Federal College of Forestry sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ní Abẹ́òkúta, yunifásítì FUNAAB ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nípa igbó. Ẹ wá ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọ̀nyí, ẹ fún un lówó ọkọ̀ àti oúnjẹ ọ̀sán, kó bá yín rìn ní Sátidé kan ṣoṣo. Ohun tí ẹ máa kọ́ lọ́jọ́ yẹn pọ̀.

Ẹ má sì fojú di akọ̀pẹ. Ẹni tó ti ń fi igbà gun ọ̀pẹ fún ogún ọdún, tó ṣì ń fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wálé, mọ ohun tí ìwé kò lè kọ́ yín. Èyí tí mo bá rìn ní ọ̀nà Ìdó kì í gun igi kankan láì kọ́kọ́ fi ọwọ́ yẹ igbà rẹ̀ wò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré ló ti gun èyí tó ṣáájú.

2. Ibi tó yẹ kí ayùn bà

Ìsọ̀rí yìí ni kí ẹ kà lẹ́ẹ̀mejì.

Bí ọwọ́ èèyàn bá gé, á san, awọ tuntun á sì bò ó. Igi kò rí bẹ́ẹ̀. Onímọ̀ ará Amẹ́ríkà kan, Alex Shigo, tó ṣiṣẹ́ pẹ̀lú iléeṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó igbó lọ́hùn-ún, fi ọ̀pọ̀ ọdún la ẹgbẹẹgbẹ̀rún igi láti wo ohun tó ń lọ nínú wọn lẹ́yìn ọgbẹ́. Ohun tó fi hàn láàárín ọdún 1970 sí 1980 ni pé igi kì í wo ibi tó gé sàn. Ńṣe ló ń mọ ògiri yí ọgbẹ́ náà ká nínú, kí jíjẹrà má baà tàn ká, á sì máa dàgbà bò ó láti ìta. Bí ọgbẹ́ bá kéré tó sì wà níbi tó yẹ, ògiri yẹn á mọ tán. Bó bá tóbi jù, tàbí tí wọ́n gé e síbi tí kò yẹ, jíjẹrà á wọ àárín igi lọ, ẹnikẹ́ni ò sì ní mọ̀ títí ìjì á fi dé.

Ibo wá ni ibi tó yẹ? Níbi tí ẹ̀ka ti jáde lára igi, ẹ óò rí i pé ó wú díẹ̀, ó sì ní àwọn ìṣẹ́po tó yí i ká bí ọrùn ẹ̀wù. Ọrùn ẹ̀ka ni èmi ń pè é. Inú rẹ̀ ni igi ti ń mọ ògiri. Ẹ má gé wọnú rẹ̀ kí ojú igi lè dán. Ẹ má sì fi kùkùté sílẹ̀ níwájú rẹ̀, torí kùkùté á kú, á rà, ikán á sì gba ibẹ̀ wọlé. Iwájú ọrùn yẹn gẹ́lẹ́ ni ayùn máa bà.

Ẹ̀ka tó bá ti ju ọrùn ọwọ́ yín lọ, ẹ̀ẹ̀mẹta ni kí ẹ gé e:

1. Ẹ kọ́kọ́ gé e láti abẹ́, ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà kan sí ara igi, kí ayùn wọlé dé ìdá kan nínú mẹ́ta.
2. Ẹ sún síwájú díẹ̀ sí apá ṣóńṣó, kí ẹ gé e láti òkè títí yóò fi já. Ojú gígé abẹ́ yẹn ni kò ní jẹ́ kó bó èèpo igi lọ bó ṣe ń já.
3. Èyí tó kù ti fúyẹ́. Ẹ fi ọwọ́ kejì gbé e ró, kí ẹ gé e níwájú ọrùn ẹ̀ka.

Lẹ́yìn náà, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ má kun ọ̀dà, ẹ má kun òróró ẹ́ńjìnì, ẹ má fi sìmẹ́ǹtì dí ihò. Àwọn bàbá kan máa bá yín jiyàn lórí èyí. Ẹ dá wọn lóhùn pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ṣùgbọ́n ẹ má kùn ún.

Ẹ má sì gé ju ìdá kan nínú mẹ́rin ewé tútù igi lọ láàárín ọdún kan. Ewé ni igi fi ń jẹun.

Ní ọdún àkọ́kọ́ mi, màmá kan ní Akóbọ̀ ní kí n gé máńgòrò òun lórí, torí ó ti ga ju ilé lọ, ẹ̀rù ń bà wọ́n. Mo gé gbogbo orí rẹ̀ kúrò. Màmá yìn mí, wọ́n sanwó, wọ́n tún gbé ọtí ẹlẹ́rìndòdò fún mi. Kò pé oṣù mẹ́ta tí ẹ̀ka wẹ́wẹ́ fi bo gbogbo ojú ibi tí mo gé, tí wọ́n ń sáré gòkè. Lẹ́yìn ọdún méjì, igi yẹn ti padà síbi tó ga dé tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn ẹ̀ka tuntun náà kàn rọ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ igi ni, wọn ò fìdí múlẹ̀ nínú rẹ̀. Ìjì ya mẹ́ta nínú wọn sórí ilé ìdáná màmá. Mo san owó páànù mẹ́rin, mo sì bẹ̀ wọ́n. Wọ́n dárí jì mí, ṣùgbọ́n ìgbàkigbà tí mo bá gba àdúgbò yẹn kọjá, ojú mi máa ń lọ sí páànù tuntun yẹn.

Bí igi bá ga jù, ohun tó yẹ kí n ṣe rèé. Ẹ mú ẹ̀ka gígùn tó ń yọ yín lẹ́nu. Ẹ tẹ̀lé e padà títí dé ibi tí ẹ̀ka kékeré kan ti yà lára rẹ̀. Bí ẹ̀ka kékeré yẹn bá tóbi tó ìdá kan nínú mẹ́ta ti ńlá, ibẹ̀ ni kí ẹ gé ńlá náà sí, kí kékeré máa gba ipò rẹ̀. Igi á kéré sí i, orí rẹ̀ á sì ṣì jẹ́ orí igi.

Iṣẹ́ tó rọrùn jù, tó sì ṣe pàtàkì jù fún ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀, ni ti igi kékeré. Àwọn àgbà ti sọ ọ́: kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò, bó bá dàgbà tán apá kì í ká a mọ́. Igi máńgòrò ọlọ́dún mẹ́ta tó ní orí méjì tó ń bá ara wọn du òkè, àlùmọ́gàjí ìrẹ́ka ni ẹ máa fi yanjú rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún: ẹ yan èyí tó tọ́, ẹ gé èkejì. Bí ẹ bá fi í sílẹ̀ fún ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, orí méjèèjì á ní èèpo láàárín ara wọn, ibẹ̀ ni igi sì máa là sí. Lọ́dọ̀ onílé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbin igi ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, ẹ sì bá a ṣe àdéhùn pé ẹ óò máa wá lẹ́ẹ̀kan lọ́dún.

3. Ohun èlò: èyí tí ẹ máa rà, èyí tí ẹ ò ní rà

Ẹ ra ayùn ìrẹ́ka tó tẹ̀, èyí tí eyín rẹ̀ ń jẹ igi nígbà tí ẹ bá fà á sọ́dọ̀ ara yín. Ayùn káfíńtà kò dára fún igi tútù. Ńṣe ló máa ń há. Ẹ ra àlùmọ́gàjí ìrẹ́ka kan tó mú. Ẹ ra okùn méjì tó nípọn bí ìka, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn tó mítà 25, kì í ṣe okùn ìsáṣọ. Akoto orí, awò tó ń dáàbò bo ojú, ìbọ̀wọ́ àti bàtà tó ní irin níwájú kì í ṣe ohun tí ẹ máa sún síwájú di ìgbà tí owó bá wọlé. Igò sípírítì kan náà wà nínú àpò mi, tí mo fi ń nu ayùn tí mo bá kúrò lára igi tó ń ṣàìsàn, kí n tó kan òmíràn.

Fún ibi tó ga, mo de ayùn tó tẹ̀ mọ́ ọparun gbígbẹ. Láti ilẹ̀ ni mo ti ń ṣe ọ̀pọ̀ iṣẹ́ mi títí dòní. Àkàbà, ẹ lè yá a.

Ẹ má tíì ra ẹ̀rọ ayùn, ìyẹn ṣéènsọ́ọ̀. Mo mọ̀ pé òun ni ojú gbogbo ọ̀dọ́ ń wò, torí ó ń dún, ó sì ń jẹ́ kí èèyàn dà bí ọ̀gá. Bí ṣóńṣó apá rẹ̀ bá ta lára igi, ó máa ń ta padà sí ojú ẹni tó dì í mú kí onítọ̀hún tó ṣẹ́jú. Kò sì sí ìdí kan tó fi yẹ kí ẹnikẹ́ni lò ó lórí àkàbà. Bí iṣẹ́ bá nílò rẹ̀, ẹ háyà agégi tó ní tirẹ̀ fún ọjọ́ kan, ẹ fi ẹfun sàmì sí ibi tó máa gé, kí ẹ sì dúró tì í.

4. Iṣẹ́ tí ẹ máa kọ̀

Ẹ kọ igi tó bá wáyà. Wáyà tó wà lórí òpó gíga ládùúgbò sábà máa ń gbé 11,000 tàbí 33,000 fóòtì (volt) iná, àwọn tó sì wọlé wá sí ojúlé náà tó láti pa èèyàn. Kò dìgbà tí ẹ bá fọwọ́ kàn án. Ẹ̀ka tútù tó kàn án, tí ẹ sì di mú, ti so yín mọ́ ọn. Ẹ jẹ́ kí mítà mẹ́ta, ó kéré tán, wà láàárín wáyà àti ohunkóhun tó wà lọ́wọ́ yín, títí kan ọparun tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé pé kò síná. Iná lè dé nígbàkígbà, jẹ́nẹ́rétọ̀ aládùúgbò tí wọn ò so dáadáa sì lè ti iná padà sórí wáyà. Onílé ni kó lọ bá iléeṣẹ́ tó ń pín iná, kí àwọn gan-an wá gé e tàbí kí wọ́n wá yọ iná kúrò lójú yín.

Ẹ kọ igi tí olú ti hù nídìí, tàbí tí ilẹ̀ ti là lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan rẹ̀, tàbí tó ń dún bí ìlù nígbà tí ẹ bá fi ọmọ owú kàn án. Irú igi bẹ́ẹ̀ lè ti ṣófo nínú, tàbí kí gbòǹgbò rẹ̀ ti ń tú. Ẹ sọ òtítọ́ fún onílé, kí ẹ sì júwe ẹni tó nírìírí fún un. Iṣẹ́ tí mo kọ̀ bẹ́ẹ̀ ti mú oníbàárà wá fún mi ju ọ̀pọ̀ èyí tí mo gbà lọ.

Ìrókò, àràbà, akòko, ọdán tó wà láàárín ọjà: ẹ béèrè kí ẹ tó gbé ayùn. Bí aṣọ funfun bá wà lára igi, tàbí ìkòkò wà nídìí rẹ̀, ó ní àwọn tó ni ín, kódà bó bá wà lórí ilẹ̀ tí ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ rà. Ẹ lọ rí Baálẹ̀ tàbí olórí ẹbí. N kò sọ èyí nítorí ìbẹ̀rù. Irú àwọn ìdáwọ́dúró bẹ́ẹ̀ wà lára ohun tó jẹ́ kí igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo ṣì wà títí tí UNESCO fi kà á mọ́ àwọn ibi àjogúnbá ayé ní 2005, nígbà tí igbó tó yí ìlú ká ti di ilé.

Igi tó wà létí títì, ti ìjọba ni. Ní Èkó, iléeṣẹ́ LASPARK ló ń bójú tó wọn, ẹ sì gbọ́dọ̀ gba àṣẹ lọ́wọ́ wọn kí ẹ tó gé igi. Ní ìpínlẹ̀ mìíràn, ẹ lọ béèrè ní ọ́fíìsì ìjọba tó ń rí sí igbó.

5. Àfòmọ́, iṣẹ́ tí ẹ lè bẹ̀rẹ̀ lọ́la

Ẹ gbójú sókè wo igi ọsàn, obì tàbí kòkó tó ti dàgbà, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn pàápàá. Ẹ óò rí ìdì ewé kan tí àwọ̀ rẹ̀ yàtọ̀ sí ti igi. Àfòmọ́ nìyẹn. Ẹyẹ ló ń jẹ èso rẹ̀, tó ń nu kóró rẹ̀ mọ́ ẹ̀ka, kóró náà á sì kan gbòǹgbò bọnú igi, á máa fa omi rẹ̀ mu. Bó bá pọ̀, ẹ̀ka á gbẹ láti ibẹ̀ dé ṣóńṣó, igi ò sì ní so dáadáa mọ́.

Ọ̀pọ̀ onílé máa ń rò pé ara igi wọn ni. Ẹ fi hàn wọ́n. Ẹ júwe ewé méjèèjì fún wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ọ̀pọ̀ ìgbà, orí ìdúró yẹn gan-an ni wọ́n á ti ní kí ẹ bá àwọn yọ ọ́.

Fífà á já lásán kò tó, torí gbòǹgbò rẹ̀ ṣì wà nínú ẹ̀ka, á tún hù. Bó bá jẹ́ ẹ̀ka kékeré, ẹ gé ẹ̀ka náà ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà kan sísàlẹ̀ ibi tí àfòmọ́ ti kàn án, tàbí kí ẹ gé e dé ọrùn rẹ̀. Bó bá jẹ́ orí ẹ̀ka ńlá tí ẹ ò lè gé, ẹ rẹ́ àfòmọ́ náà mọ́ ara igi, kí ẹ padà wá rẹ́ ẹ lọ́dún tó ń bọ̀. Ìyẹn á dín agbára rẹ̀ kù. Ẹ ṣe é kí èso rẹ̀ tó pọ́n. Ẹ má sì da àfòmọ́ náà nù: àwọn elewé ọmọ ń rà á, wọ́n á sì béèrè ara igi wo ni ẹ ti já a, torí ti orí obì àti ti orí ọsàn kì í ṣe ọ̀kan náà lójú wọn. Ẹ dì wọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

6. Wíwo igi àti dídá iye lé iṣẹ́

Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Ẹ kọ́kọ́ dúró níbi tí ẹ ti lè rí gbogbo igi láti ìdí dé orí. Ṣé ó dagun? Ewé apá kan ha ti ń kú bí? Lẹ́yìn náà ẹ sún mọ́ ọn, ẹ yí ìdí rẹ̀ po, ẹ wo olú, ikán àti ojú ibi tí wọ́n ti gé rí. Ẹ wo ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀: páànù, táǹkì omi, mọ́tò, ṣọ́ọ̀bù, wáyà. Ẹ wá oyin àti agbọ́n. Ẹ ya fọ́tò, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ lẹ́yìn ọ̀la pé ẹ̀yin lẹ fọ páànù tó ti fọ́ tẹ́lẹ̀.

Ẹ má dá iye lójú ẹsẹ̀. Ẹ sọ fún wọn pé, “Ẹ jọ̀ọ́ mà, mo máa fi iye rẹ̀ ránṣẹ́ sí yín lálẹ́,” kí ẹ lọ jókòó ṣírò. Ká ní ọmọ iṣẹ́ méjì máa gba ₦8,000 lẹ́nì kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ₦16,000. Ọkọ̀ tiyín àti tiwọn, ₦5,000. Ọkọ̀ tó máa kó ẹ̀ka dànù, ₦20,000. Okùn tó ń gbó, sípírítì, pípọ́n ayùn, ₦4,000. Owó iṣẹ́ ẹ̀yin fúnra yín, ₦15,000. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦60,000. Ẹ wá fi ìdá kan nínú mẹ́rin lé e, ìyẹn ₦15,000, kó di ₦75,000. Àpẹẹrẹ ni mo fi àwọn iye yìí ṣe o; ẹ fi iye tó wà nílùú yín lónìí rọ́pò wọn. Èyí tí àwọn tó ń bẹ̀rẹ̀ máa ń gbàgbé jù ni owó kíkó ẹ̀ka dànù, òun ló sì máa ń jẹ èrè tán.

Ẹ gba ìdajì kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ kọ ohun tí ẹ máa ṣe àti ohun tí ẹ ò ní ṣe sílẹ̀, kódà bó jẹ́ orí WhatsApp lásán.

7. Ọjọ́ iṣẹ́

Ẹ má dá nìkan ṣe é láé. Ó kéré tán, ẹnì kan gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀ tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó máa wo òkè, kó sì máa dá àwọn èèyàn dúró. Ẹ fi okùn yí ibi tí ẹ̀ka lè já sí ká, kó sì fẹ̀ ju bí ẹ ṣe rò lọ. Ọmọdé ló máa ń sáré wọlé, torí ẹ̀ka máńgòrò kì í já láì ní èso.

Ẹ̀ka tó bá wà lórí ohun tó lè fọ́, ẹ so okùn mọ́ ọn kí ẹ tó gé e. Ẹ ju okùn náà gba orí ẹ̀ka mìíràn tó lágbára lókè rẹ̀, kí ẹni ilẹ̀ wé e mọ́ ìdí igi lẹ́ẹ̀mejì, kó máa tú u wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Kó má wé e mọ́ ọwọ́ ara rẹ̀. Bó bá jẹ́ igi tí ìjì ti wó, ẹ rántí pé bígi bá wó lugi, tòkè là á kọ́kọ́ gbé; ẹ̀ka tó tẹ̀ kọrọdọ lábẹ́ òmíràn dà bí ọrun tí wọ́n fà, yóò sì ta bí ẹ bá gé e láì tú ẹrù orí rẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ bá bẹ̀rẹ̀, ẹ sọ̀ kalẹ̀. Bí igi bá tutù, ẹ padà wá lọ́la.

Ẹ gbá ilẹ̀ kí ẹ tó lọ. Mo rò pé ilẹ̀ tí mo máa ń gbá ló jẹ́ kí ọ̀pọ̀ àwọn màmá pè mí padà, ju bí mo ṣe gé igi wọn lọ.

Igi tó nípọn, àwọn tó ń yan ẹja àti àwọn oníbúrẹ́dì tó ń fi igi dáná á rà á. Ewé àti ẹ̀ka wẹ́wẹ́, ẹ tẹ́ ẹ sídìí igi onílé náà bó bá gbà, kó má kan ara igi fúnra rẹ̀. Á jẹrà di ajílẹ̀, owó ọkọ̀ á sì dín kù.

8. Ibi tí oníbàárà wà

Lóṣù kejì, kí ìjì tó bẹ̀rẹ̀, ẹ lọ sí ìpàdé ẹgbẹ́ onílé ládùúgbò, ẹ bẹ alága kó fún yín ní ìṣẹ́jú márùn-ún. Ẹ mú fọ́tò igi méjì lọ́wọ́, kí ẹ sì ní ẹ óò wo igi olúkúlùkù lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ lọ sí ilé ẹ̀kọ́, ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí tí igi wà lọ́gbà wọn. Ẹ bá àwọn tó ń ta ọ̀gbìn létí títì ṣọ̀rẹ́, torí ẹni tó ra igi lọ́wọ́ wọn lónìí á nílò ẹni tó máa tọ́ ọ. Èkó máa ń ṣe ọjọ́ gbígbin igi ní 14 oṣù keje lọ́dọọdún. Ní àsìkò yẹn, ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ á gbin igi tí ẹnikẹ́ni ò ní bomi rin. Ẹ lọ sọ fún wọn pé ẹ óò máa bomi rin ín, ẹ óò sì fi ọ̀pá gbè é ró, fún ọdún méjì.

Bí ilé ẹ̀kọ́ tàbí iléeṣẹ́ bá bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè rìsíìtì àti àkáǹtì tó ní orúkọ òwò, ìgbà yẹn ni kí ẹ lọ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ CAC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń forúkọ òwò sílẹ̀. Kò pọn dandan lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

9. Ìwé igi

Fún gbogbo igi tí ẹ bá fọwọ́ kàn, ẹ kọ ojúlé, irú igi, ọjọ́, ẹ̀ka tí ẹ gé àti ìdí tí ẹ fi gé e. Lẹ́yìn ìjì àkọ́kọ́ ọdún, ẹ gbé ìwé náà, kí ẹ gun ọ̀kadà yí gbogbo ojúlé yẹn ká láìdúró de ìpè. Ẹ wo èyí tó ya àti èyí tó dúró, kí ẹ kọ ọ́ síwájú orúkọ rẹ̀. Ibi tí ẹ̀ka bá ya, ẹ ya fọ́tò ojú ibi tó ti ya, bó bá jẹ́ ojú gígé àtijọ́ ni, tàbí ikán, tàbí orí méjì. Onílé á rí yín lẹ́nu géètì, á ní ta ló pè yín. Ẹ sọ fún un pé igi lẹ wá wò.